Mọ́tò Tí Emmett Fẹ́ Fi Tọrẹ

Láti ìgbà tí wọ́n ti sin Ardith ni mọ́tò rẹ̀ ti wà lábẹ́ igi ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, gbogbo Sátidé ni Emmett Oberholt sì máa ń fọ̀ ọ́. Á gbé korobá síta, á po ọṣẹ, á fọ ara mọ́tò láti orí dé táyà, á sì fi aṣọ gbígbẹ nù ún títí á fi máa dán. Inú rẹ̀ ni kò ṣí rí. Oṣù kìíní ni Ardith kú. Nígbà tó fi di oṣù kẹfà, Emmett ti fọ mọ́tò náà tó ogún ìgbà láìjókòó sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Òun alára ní píkọ́ọ̀pù tirẹ̀, èyí tó ń gbé lọ síbi iṣẹ́ nígbà tó wà ní iléeṣẹ́ omi ìlú Pruett. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni báyìí, ó ti fẹ̀yìn tì, kò sì síbi tó ń lọ tí píkọ́ọ̀pù kò lè gbé e dé. Ti Ardith ni Buick aláwọ̀ wáìnì yìí. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ ládùúgbò.

Corinne, ọmọ rẹ̀ tó ń gbé ní Arizona, ló dá àbá náà lórí fóònù.

"Dádì, ẹ fi mọ́tò yẹn tọrẹ. Ẹgbẹ́ aláàánú kan wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀ tó máa ń gba mọ́tò tó ti pẹ́. Wọn á tún un ṣe, wọn á gbé e fún ẹni tí kò rí nǹkan gbé lọ síbi iṣẹ́. Mọ́mì á fẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Ta ló sọ fún ọ pé á fẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Mọ́mì tó máa ń ra ẹ̀pà fún ọ̀kẹ́rẹ́."

Emmett rẹ́rìn-ín, ó ní òun á rò ó. Ó rò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní àárọ̀ Tọ́sìdé kan, ó gbé páálí tí Ardith máa ń kó ìwé sí sílẹ̀, ó wá ìwé mọ́tò náà kàn, ó fi sínú àpòòwé láìtilẹ̀ ṣí i wò, ó mú kọ́kọ́rọ́, ó jáde.

Mọ́tò kò dáhùn. Bátìrì ti kú. Lowell Tupper, aládùúgbò rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí nǹkan kankan ṣẹlẹ̀ lójú títì láìdá sí i, ti ń bọ̀ pẹ̀lú wáyà lọ́wọ́ kí Emmett tó pè é. Wọ́n so wáyà mọ́ bátìrì píkọ́ọ̀pù, Lowell sì ní kí Emmett wọlé kó tẹ̀ ẹ́.

Ìgbà tí Emmett jókòó tán ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan nǹkan kan. Ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó kù díẹ̀. Ó na tòsì, ibì kan náà ni.

Lowell bẹ́ sẹ́rìn-ín. "Emmett! Ṣé o ti ń súnkì ni?"

"Wọ́n ti ìjókòó yìí sẹ́yìn ni."

"Ta ló tì í? Ardith tó jẹ́ pé tìmùtìmù ló fi ń rí iwájú?"

Òótọ́ ni Lowell sọ. Èèyàn kúkúrú ni Emmett, Ardith sì tún kúrú jù ú lọ. Tìmùtìmù pẹlẹbẹ kan wà tí kì í kúrò lórí ìjókòó náà, torí pé láìsí i, sítíárìn ni Ardith ń rí, kì í ṣe ọ̀nà. Emmett wo ẹ̀yìn. Wọ́n ti ju tìmùtìmù náà sórí ìjókòó ẹ̀yìn. Nínú àpò ilẹ̀kùn, ó tún rí ìbọ̀wọ́ awọ kan, méjèèjì ká pọ̀. Ó kì í bọwọ́, ọwọ́ rẹ̀ rì sínú rẹ̀ bí ẹni pé ó ti ọwọ́ bọ àpò. Kì í ṣe tirẹ̀. Kì í sì í ṣe ti Ardith láyé.

Ó fi ìbọ̀wọ́ náà sápò, kò sì sọ nǹkan kan fún Lowell. Ó fa ìjókòó síwájú, ó tẹ mọ́tò, ó gbé e lọ.

Ilé ìtajà oúnjẹ ẹran ọ̀sìn àtijọ́ kan ni ẹgbẹ́ náà ń lò, ní ẹ̀gbẹ́ ojú irin. Mọ́tò mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ló wà lágbàlá, òmíràn ò ní ìmọ́lẹ̀ iwájú, òmíràn ò ní ilẹ̀kùn. Obìnrin kan tó lè ní ogójì ọdún ló jáde wá pàdé rẹ̀, epo mọ́tò ní ìpéǹpéjú, bírò létí. Twyla Hensch lorúkọ rẹ̀, òun ló ń rí sí ìwé, ó sì jọ pé òun náà ló ń rí sí ẹ́ńjìnnì nígbà tí mẹkáníìkì kò bá wá.

"Ẹ káàbọ̀, bàbá. Mọ́tò tó rẹwà nìyí! Ẹ ò rí bó ṣe ń dán. Ti ta ni?"

"Ti ìyàwó mi ni. Ó ti kú."

"Pẹ̀lẹ́, bàbá. Ẹ ṣeun tí ẹ rántí wa."

Ó kó Emmett wọlé, ó bu kọfí fún un, ó sì ṣí àpòòwé. Ó kà á, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó tún kà á.

"Bàbá, ta ni Merle Stavely?"

"Ta ni?"

"Merle Stavely. Orúkọ méjì ló wà lórí ìwé yìí. Ardith Oberholt àti Merle Stavely."

"Wọ́n ṣì í kọ ni. Emmett ló yẹ kí wọ́n kọ."

Twyla tún wo ìwé náà, ó wo ojú Emmett. "Merle ò jọ Emmett, bàbá. Stavely ò sì jọ Oberholt." Ó yí ìwé náà sí i, ó fi bírò tọ́ka. "Ẹ wo ibí yìí. Wọ́n kọ ọ́ pé bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, èkejì ló ni mọ́tò. Ìyẹn ni pé, ẹ má bínú o, ẹ ò lè fi mọ́tò yìí tọrẹ. Kì í ṣe tiyín."

"Èmi ni ọkọ rẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta la fi jẹ́ tọkọtaya."

"Bàbá, ìyàwó lẹ fẹ́, ẹ ò fẹ́ mọ́tò." Bó ṣe sọ ọ́ tán ló fọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹnu mi ni kì í gbélé."

Emmett kò tilẹ̀ gbọ́ èyí tó sọ kẹ́yìn. Ó ń wo orúkọ náà. Lẹ́tà dúdú, ó tò lẹ́sẹẹsẹ sábẹ́ orúkọ ìyàwó rẹ̀, bí orúkọ tọkọtaya ṣe máa ń tò lára ìwé.

"Ta ló wá ni mọ́tò?"

"Merle Stavely."

"Ta ni Merle Stavely?"

"Ohun tí mo bi yín nìyẹn, bàbá."

Twyla ní àdírẹ́sì kan wà nísàlẹ̀ ìwé náà, nọ́ńbà kẹrìnlá, Òpópónà Depot, ilé òkè. Ó kọ ọ́ sórí ìwé pélébé fún un. Emmett gbà á, ó dìde, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó sì dúró.

"Ṣé mo lè gbé mọ́tò náà padà sílé?"

"Ẹ̀yin lẹ gbé e wá, àbí?"

"Mo gbé e wá nígbà tí mo rò pé tèmi ni."

Twyla họ orí. "N ò mọ ohun tí òfin sọ nípa ìyẹn o. Ẹ ṣáà rọra wà á."

Emmett rọra wà á lóòótọ́. Ó dúró níwájú gbogbo iná pupa bí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ọkọ̀, ó sì ń wo dígí ẹ̀yìn bóyá ọlọ́pàá ń bọ̀. Nígbà tó dé ilé, kò mọ̀ bóyá kó gbé e sábẹ́ igi ni tàbí kó fi í sílẹ̀ lójú títì. Ó gbé e sábẹ́ igi, ó tún gbé e jáde sójú títì, ó tún gbé e padà.

Ó pe Corinne.

"Ṣé o mọ ẹnì kankan tó ń jẹ́ Merle Stavely?"

"Rárá. Ta nìyẹn?"

"Òun àti ìyá ẹ ni wọ́n jọ ni mọ́tò."

"Dádì, ẹ má ro nǹkan burúkú o."

"Kí ni mo rò?"

"N ò mọ̀. Ẹ má rò ó ṣá."

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ ni Emmett bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Kó tó dìgbà náà, ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò ju pé ẹnì kan ṣe àṣìṣe ní ọ́fíìsì ìjọba. Ní báyìí, ìjókòó tí wọ́n tì sẹ́yìn dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan ọkàn rẹ̀, ìbọ̀wọ́ ńlá dúró sí èkejì, àárín méjèèjì sì ni ọkùnrin gíga kan tí kò rí rí wà.

Lowell, tó wá gba wáyà rẹ̀ padà, tún ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ pátápátá.

"Merle? Merle kan wà nílé ìwé nígbà tiwa. Ó ga tó òpó iná. Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ló máa ń gbá. Àwọn ọmọbìnrin fẹ́ràn rẹ̀ kú."

"Ṣé Ardith mọ̀ ọ́n?"

"Ta ni kò mọ̀ ọ́n?"

"Ibo ló wà báyìí?"

"Itẹ́ òkú. Ó ti tó ọdún méjìlá."

"Lowell, kò tíì tó ọdún mẹ́jọ tí a ní mọ́tò yìí. Báwo ni òkú ṣe máa ní mọ́tò?"

"O bi mí bóyá mo mọ Merle kan, mo ní mo mọ̀ ọ́n. O ò bi mí nípa mọ́tò."

Emmett wọlé, ó jókòó sí tábìlì ilé ìdáná, ó sì gbìyànjú láti rántí bí mọ́tò náà ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìgbà ooru ni. Ardith ṣì ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, ó ń se oúnjẹ ní ilé ìdáná ilé ìwé. Ó dé lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní òun ti rí Buick kan. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i. Kí ló sọ? Emmett rántí pé ó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé. Ó rántí pé ẹ̀fọn pọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu ìyàwó rẹ̀, kò rántí èyí tó tó ṣíbí kan nínú rẹ̀.

Ó wá rántí Wẹ́sìdé. Gbogbo Wẹ́sìdé, látìgbà tí Ardith ti fẹ̀yìn tì, ló máa ń gbé mọ́tò jáde ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, tí kì í sì í wọlé títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. "Mo ń lọ sí ilé ìkàwé," á wí. Ó sì máa ń kó ìwé bọ̀ lóòótọ́. Ìwé wo ni èèyàn ń kà fún wákàtí méje? Àti pé ilé ìkàwé náà ni Ardith ti ṣubú lọ́jọ́ Wẹ́sìdé yẹn tí àrùn ẹ̀gbà kọlù ú. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti pe Emmett. Ó sáré gbé píkọ́ọ̀pù lọ, ó wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ kejì, nígbà tó sì darí sílé, Buick náà ti wà lábẹ́ igi, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nínú àpótí lẹ́tà.

Ta ló gbé e wálé?

Láti oṣù kìíní, kò bi ara rẹ̀ rí. Ìbéèrè náà wá jókòó sórí àyà rẹ̀ báyìí, kò sì fẹ́ dìde. Lọ́jọ́ Fúráìdé, ó bu oúnjẹ, kò jẹ ẹ́. Ó ń bínú sí Ardith, ó sì ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ìbínú náà, kó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bínú. Ó mú àwòrán wọn kan lára ògiri, ó wò ó. Ardith ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀. Bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín nìyẹn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ó dà bí ẹni pé ó mọ nǹkan kan tí kò fẹ́ sọ.

Nígbà tí Sátidé dé, kò pọn omi sínú korobá. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ya irun rẹ̀, ó kó ìwé mọ́tò àti ìbọ̀wọ́ sápò, ó sì gbé Buick náà lọ sí Òpópónà Depot. Ó ti pinnu ohun tó máa sọ. Á ní: "Èmi ni Emmett Oberholt, ọkọ Ardith. Mọ́tò yín rèé." Á gbé kọ́kọ́rọ́ lé ọkùnrin náà lọ́wọ́, á wo ojú rẹ̀ dáadáa, á sì fẹsẹ̀ rìn padà sílé. Ó tún un sọ ní ìgbà mẹ́fà nínú mọ́tò.

Òkè ilé ìtajà bàtà kan tí wọ́n ti tì pa ni nọ́ńbà kẹrìnlá. Ó gun àtẹ̀gùn, ó sinmi láàárín, ó dé òkè, ó kan ilẹ̀kùn.

Obìnrin kan ló ṣí i. Ó ga débi tí Emmett ní láti gbé orí sókè kó tó rí ojú rẹ̀. Á tó ẹni ọgọ́ta ọdún, ìyẹ̀fun wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgùnpá, òórùn páì sì ń bọ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Oberholt!" Ojú obìnrin náà là. "Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ wọlé, ẹ wọlé."

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Emmett ti kó jọ fò lọ. "Merle ni mo wá bá."

"Ẹ ti bá a."

Emmett wo ẹ̀yìn obìnrin náà, kò rí ẹnikẹ́ni. "Ṣé ọkọ yín wà nílé?"

"N ò lọ́kọ, sà."

"Merle Stavely ni mo ń wá. Ọkùnrin gíga kan."

Obìnrin náà wo ara rẹ̀ láti àyà dé ẹsẹ̀. "Gíga yẹn bá mi mu. Èyí tó kù ni kò bá mi mu. Èmi ni Merle, Ọ̀gbẹ́ni Oberholt. A ti pàdé rí."

"Níbo?"

"Níbi ìsìnkú Àǹtí Ardith. Ẹ bọ̀ mí lọ́wọ́."

Emmett kò rántí. Gbogbo ohun tó rántí lọ́jọ́ náà ni bàtà rẹ̀ tó fún un lẹ́sẹ̀. Obìnrin náà di apá rẹ̀ mú, ó mú un jókòó sí tábìlì, ó gbé omi fún un. Emmett mu ún tán. Ó fa ìbọ̀wọ́ náà yọ, ó gbé e kalẹ̀.

"Ìbọ̀wọ́ mi!" ni Merle wí. "Mo ti wá a títí. Inú mọ́tò ló wà, àbí? Ẹ ṣé gan-an." Ó wá jókòó, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. "Ó ti yá yín báyìí, àbí?"

"Kí ló ti yá mi?"

"Mọ́tò. Mo sọ fún yín lọ́jọ́ ìsìnkú pé ọ̀rọ̀ mọ́tò, kẹ́ ẹ má ṣe wàhálà, ìgbàkígbà tó bá yá yín ni. Ẹ ní 'ẹ ṣeun'. Èmi náà ò wá tún débẹ̀. Mo máa ń rí yín tí ẹ bá ń fọ̀ ọ́ ní Sátidé bí mo bá ń kọjá ládùúgbò yín. Mo ní kí n fi bàbá sílẹ̀, kí n má lọ gba ìyẹn mọ́ wọn lọ́wọ́."

Emmett di orí mú. "Ẹ dúró ná. Ẹ dúró. Báwo ni mọ́tò ìyàwó mi ṣe jẹ́ tiyín?"

Merle wò ó bí ẹni tí wọ́n bi bóyá omi ń tutù. "Tèmi ló kọ́kọ́ jẹ́, sà. Dwight ẹ̀gbọ́n mi ló fi í sílẹ̀ fún mi nígbà tó kú. Ṣùgbọ́n n ò lè wakọ̀. Mo ti ní ìjàǹbá mọ́tò nígbà tí mo wà lọ́mọge, ẹ̀rù ń bà mí. Èmi àti Àǹtí Ardith la jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìdáná ilé ìwé. Mo ní màá ta mọ́tò náà, wọ́n ní kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀. Wọ́n kọ́ mi ní gbogbo ìgbà ooru yẹn, nínú ọgbà ilé ìwé tí kò sí ọmọ kankan níbẹ̀. Wọ́n á jókòó sórí tìmùtìmù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n á ní, 'Merle, tẹ̀ ẹ́! Ògiri yẹn ò ní sáré wá bá ọ!'"

Ohùn Ardith ni. Emmett gbọ́ ọ gedegbe lẹ́nu obìnrin yìí, ó sì gbé ojú kúrò.

Merle ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Kò síbi tí èèyàn lè gbé mọ́tò sí ní Òpópónà Depot, nítorí náà ló ṣe di pé ilé Ardith ni mọ́tò ń gbé, Ardith ló ń lò ó, Ardith ló ń tọ́jú rẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni Merle ń lò ó: Wẹ́sìdé, tó máa ń wà á lọ kí ìyá rẹ̀ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Coshburn, ìrìn wákàtí kan. Ardith á gbé e dé ilé ìkàwé, Merle á gbà á níbẹ̀, á sì dá a padà síbẹ̀ nírọ̀lẹ́.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n kọ orúkọ àwa méjèèjì sínú ìwé," Merle wí. "Èmi náà ni mo ní kí wọ́n kọ ọ́ pé ẹni tó bá kẹ́yìn ni kó mú un. Èmi ni mo rò pé màá kọ́kọ́ kú. Ẹ̀dọ̀fóró mi ò dáa nígbà yẹn."

"Ẹ̀yin lẹ gbé e wálé lọ́jọ́ yẹn."

"Èmi ni. Mo dé ilé ìkàwé, wọ́n ní ọkọ̀ ilé ìwòsàn ti gbé wọn lọ. N ò mọ ohun tí mo lè ṣe. Mo gbé mọ́tò wálé, mo ju kọ́kọ́rọ́ sínú àpótí lẹ́tà, mo sì fẹsẹ̀ rìn padà nínú yìnyín. Bí mo ṣe gbàgbé ìbọ̀wọ́ nìyẹn."

Ó yẹ kí ọkàn Emmett balẹ̀, ó sì balẹ̀ díẹ̀. Ọkùnrin gíga náà ti lọ. Ṣùgbọ́n ibi tó kúrò níbẹ̀ kò kún padà. Ńṣe ló tún fẹ̀ sí i.

"Kí ló dé tí kò sọ fún mi?"

"Wọ́n sọ fún yín, sà."

"Kò sọ ọ́!"

"Mo bi wọ́n. Mo ní, 'Ṣé ọkọ yín mọ̀?' Wọ́n ní àwọn ti sọ ọ́ fún yín pátápátá. Wọ́n ní ẹ ń wo bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ sì ní 'Ó dáa bẹ́ẹ̀.'"

Aṣọ aláwọ̀ ewé. Ẹ̀fọn. Ṣé tẹlifíṣọ̀n wà ní títàn lálẹ́ ọjọ́ náà? Ó lè wà ní títàn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wà bẹ́ẹ̀ lálaalẹ́. Bóyá Ardith sọ ọ́ lóòótọ́ tí òun kò gbọ́. Bóyá kò sì sọ ọ́, tó kàn fi ìyẹn dá Merle lóhùn. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì ọ̀rọ̀ náà, kò rí ẹni tó lè bá òun dá a.

"Wákàtí méje ló ń jókòó síbẹ̀," ó wí. "Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí ló ń ṣe?"

"Wọ́n ní ibẹ̀ máa ń dákẹ́."

"Ilé wa náà máa ń dákẹ́."

Merle dìde, ó yọ páì láti inú ààrò, ó gbé e sẹ́bàá fèrèsé.

Emmett gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì. Ó ní mọ́tò Merle wà nísàlẹ̀, ó ti kún fún epo. Ó wá jẹ́wọ́ pé òun ti gbé e lọ fi tọrẹ lọ́jọ́ Tọ́sìdé, pé wọ́n lé òun padà. Ó rò pé inú á bí obìnrin náà. Ṣùgbọ́n Merle jókòó, ó ń fi ọwọ́ tó ní ìyẹ̀fun yí kọ́kọ́rọ́ náà síwájú sẹ́yìn.

"Màmá mi kú ní oṣù kẹrin," ó wí. "N ò ní ibì kankan láti lọ ní Wẹ́sìdé mọ́. Ibi iṣẹ́ mi kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Tí mo bá ní mọ́tò yẹn níwájú mi, ọ̀nà Coshburn ni yóò máa fojú hàn mí." Ó di kọ́kọ́rọ́ náà mú. "Ẹ jẹ́ ká lọ fi í tọrẹ."

"Tiyín ni. Ẹ̀yin lẹ máa sọ."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ rò ó."

"Corinne ọmọ mi ló rò ó."

"Ó dáa, Corinne ló rò ó. Ẹ jẹ́ ká máa lọ, ọjọ́ Sátidé, ọ̀sán ni wọ́n ń tì."

Merle ló wa mọ́tò. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó ti ìjókòó sẹ́yìn dé òpin. Emmett jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò mọ ibi tó máa fi ọwọ́ sí. Nígbà tí wọ́n dé iwájú ilé ìkàwé, Merle rọra dín eré kù, ó sì na ìka.

"Fèrèsé yẹn, èyí tó wà ní igun. Àga wọn wà níbẹ̀."

Emmett wò ó. Fèrèsé lásán ni, òdòdó kan nínú ìkòkò, ẹ̀yìn àga aláwọ̀ búráùn kan. Ó ti gba ibẹ̀ kọjá ní ẹgbẹ̀rún ìgbà pẹ̀lú píkọ́ọ̀pù, òpópónà náà ló máa ń gbà lọ ra ìṣó àti kùn. Ó ṣeé ṣe kí Ardith ti rí i níbi tó ti ń kọjá. Ṣé ó máa ń juwọ́ sí i? Mọ́tò lẹ́yìn wọn fọn fèrè, Merle sì tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí Twyla rí wọn, ó fi ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá! Ẹ rí i?"

"Òun rèé."

Twyla wo Merle láti ìsàlẹ̀ dé òkè pátápátá. "Ọkùnrin ni mo rò."

"Ẹ̀yin náà?" ni Merle wí.

Twyla fúnra rẹ̀ ló ní òǹtẹ̀ tí wọ́n máa ń lù sórí irú ìwé bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò pẹ́. Merle fọwọ́ sí ibi mẹ́ta. Wọ́n dé orí ìwé ìdúpẹ́ tí ẹgbẹ́ náà máa ń fún ẹni tó bá fi mọ́tò tọrẹ, Twyla sì bi wọ́n pé orúkọ ta ni kí òun kọ. Emmett tọ́ka sí Merle. Merle tọ́ka sí Emmett.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún rú mi lójú," ni Twyla wí. "Ọjọ́ Tọ́sìdé yẹn, kò yé mi títí mo fi délé."

"Kọ Ardith," ni Emmett wí.

"Bàbá, òkú ò lè fi mọ́tò tọrẹ."

"Ó lè ní i nígbà tó wà láàyè láìjẹ́ kí ọkọ rẹ̀ mọ̀, kò wá lè fi í tọrẹ?"

Twyla wo Merle pé kó gba òun. Merle ń wo ilẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì, Emmett kò sì mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín. Níkẹyìn, wọ́n kọ orúkọ Merle, Twyla sì fi bírò kọ sábẹ́ rẹ̀ pé ní ìrántí Ardith Oberholt. Emmett kà á, ó ní ó dára. Ó béèrè ẹni tí wọ́n máa gbé mọ́tò náà fún. Twyla ní àwọn kò tíì mọ̀, pé èèyàn mọ́kànlá ló wà lórí ìlà.

Emmett bọ́ síta, ó fọwọ́ kan orí mọ́tò náà lẹ́ẹ̀kan. Ó gbóná nítorí oòrùn. Merle gbé tìmùtìmù láti ẹ̀yìn, ó nà án sí i, Emmett sì gbà á.

Ìgbà tí wọ́n rìn dé ojú irin ni Merle dúró lójijì.

"Ọ̀gbẹ́ni Oberholt, kí la máa gbé lọ sílé?"

Emmett wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Òun tó jẹ́ pé láàárọ̀ yìí, ìpinnu rẹ̀ ni láti fẹsẹ̀ rìn, ó ti gbàgbé pátápátá. Ẹ̀rín kékeré kan bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó yà á lẹ́nu.

"Ẹsẹ̀," ó wí.

Wọ́n ń rìn lọ lábẹ́ oòrùn ọ̀sán. Merle ń dín ẹsẹ̀ kù fún un, Emmett sì di tìmùtìmù mú lábẹ́ apá. Nígbà tí wọ́n ti rìn díẹ̀, ó ní kí Merle máa sọ fún òun, ohunkóhun tó bá rántí nípa Ardith, kó má fo nǹkan kan. Merle bẹ̀rẹ̀ látorí ọjọ́ tí Ardith sun búrẹ́dì igba ọmọ ilé ìwé jóná, tó sì purọ́ fún ọ̀gá wọn pé oúnjẹ àwọn ará Faransé ni. Ó sọ bí ó ṣe máa ń kọrin nínú yàrá títutù tí wọ́n ń kó oúnjẹ pamọ́ sí, torí pé ohùn á máa dún níbẹ̀. Ó sọ ohun tó wí nípa ẹsẹ̀ tó ń dùn ún tí kò sọ nílé. Emmett ń gbọ́. Ó ń béèrè, ó ń ní kó tún un sọ, òmíràn sì wà níbẹ̀ tí kò gbà gbọ́ pé Ardith tòun ni.

Lẹ́yìn ìgbà tó pẹ́, ó gbójú sókè, ó sì rí igi ńlá ẹ̀gbẹ́ ilé tirẹ̀ níwájú.

"Òpópónà Depot ńkọ́?" ó bi í. "Ṣé kì í ṣe apá ibòmíràn ni?"

"A ti kọjá rẹ̀ tipẹ́," ni Merle wí. "Ẹ ò ní kí n dákẹ́."